Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Kọ Sára Ilé Ẹ̀rọ

Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti bìkítà fún ilé ẹ̀rọ ìlọgì bàbá Rufus ní Ọ̀kà, àfi ewúrẹ́ tó ń sá òjò wọ ibẹ̀. Ìgbà tí Rufus ti Àkúrẹ́ dé, tó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di ibi àbẹ̀wò, ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ohun iyì ni. Ó pààrọ̀ páànù, ó ha ìpẹtà ara ẹ́ńjìnnì, ó sì pe Sàídì tó ń fi ọ̀dà kọ̀wé láti Ìkàrẹ́ kó wá kọ ìtàn ẹ̀rọ náà sára ògiri.

Ìyátúndé nìkan ló kù láyé nínú àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ lọ àgbàdo níbẹ̀. Ó sọ ọdún tí ẹ̀rọ dé, ó sọ bí wọ́n ṣe ń to abọ́ sílẹ̀ de ara wọn. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kọ orúkọ Mojísọ́lá ọmọ òun sí i, torí ibẹ̀ ló kú sí. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló fa ìró tó ró mọ́ ìdí, ó sì wọ́ ọ wọ inú ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Mojí mọ́. Orúkọ àbúrò ọmọ náà ni wọ́n fi ń pè é, Ìyá Fọláránmi, wọ́n ní àwọn ń ṣàánú. Àánú kọ́, wọ́n kàn pa orúkọ ọmọ náà rẹ́ ni.

Rufus mirí. "Ìyá, àlejò ló ń bọ̀. Ta ló fẹ́ wá wo ibi tí ọmọ kú sí?"

"Èmi fẹ́."

Ojú Rufus le. "Ó dáa, ká kúkú kọ ọ́ tán. Ọjọ́ kẹrin ikú rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín gbé àgbàdo padà wá síbí. Èmi ni mo gba abọ́ lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ fẹ́ káwọn ọmọ-ọmọ yín kà á?"

Ìtìjú bo Ìyátúndé. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Fọláránmi ń ké ebi lọ́jọ́ náà, ọlọ ilé sì ti fọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sẹ́ ògì yẹn, bí ẹni ń wá ẹ̀jẹ̀ ọmọ nínú rẹ̀, kó tó gbé e kaná.

Ó yíjú sí Sàídì.

"Kọ orúkọ Mojísọ́lá ṣáájú," ó ní. "Kí o wá kọ ọ́ pé èmi ìyá rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kẹrin, mo sì fi ògì ibí bọ́ àbúrò rẹ̀."