Ọkọ̀ Bàbá Ralaivao

Ẹni mẹ́rin ló ti fẹ́ ra ọkọ̀ Bàbá Ralaivao kí Vololona tó gbọ́ nípa rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Ọkọ̀ kékeré ni, aláwọ̀ wàrà bíi ti gbogbo takisí ìlú Antananarivo, irú èyí tí tọmọdé tàgbà ìlú ń pè ní katirẹ́lì. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ fúyẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Jíà rẹ̀ kò sí nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Iwájú awakọ̀ ló ti yọ jáde bí èèkù agboòrùn, èèyàn á máa fà á, á máa tì í. Ọdún mọ́kànlélógójì ni bàbá fi ṣe takisí. Nígbà tó di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, Bodo, ọmọbìnrin rẹ̀, lẹ páálí mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn pé títà ni. Bàbá kò bá a jà, kò sì já páálí náà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá dé, ó ní kó kọ́kọ́ wa òun láti Andohalo lórí òkè lọ́hùn-ún dé etí adágún Anosy, láì tan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ké pẹ́nrẹ́n, ọjà bàjẹ́ nìyẹn.

Gbogbo awakọ̀ takisí ìlú náà ló mọ ọgbọ́n pípa ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Epo wọ́n, òkè pọ̀, ẹni tó bá sì ń sun epo nígbà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé e lọ, owó ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ló ń dáná sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Anosy le. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì gùn. Ibi pápá ìṣeré Mahamasina ni ọkọ̀ ti rẹ̀ mọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́, tó dúró bí ewúrẹ́ tó kọ̀ láti rìn, tí adágún ń dán ní ọ̀ọ́kán wọn.

Vololona jẹ́ opó, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Faravohitra, òun náà ló sì máa ń wa ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà tí awakọ̀ kò bá dé. Láti bí ọdún méjì, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún àkàsọ̀ ìlú mọ́, bẹ́ẹ̀ àkàsọ̀ ni ìlú náà láti òkè délẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní jẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán ló ń wá, èyí tó ń bu epo mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹyẹ.

Fanja, ọmọ rẹ̀, ti bá a rí ọ̀kan tó dára, pupa kékeré kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wo pupa yẹn. Epo rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ tútù. Rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo fẹ́ bá rédíò sọ? Ọ̀rọ̀ tìrẹ nìkan tó mi nínú ọkọ̀."

"Katirẹ́lì tí ẹ ń sọ yìí dàgbà jù mí lọ o!"

"Èmi náà dàgbà jù ọ́ lọ. Ṣé o ti fẹ́ gbé mi sọnù ni?"

Fanja rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ epo nìkan kọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ìró katirẹ́lì ni ìlú náà fi ń jí. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọjà ńlá bo Analakely láàárín ìlú, tí agboòrùn funfun àwọn ọlọ́jà lọ rẹrẹ bí olú nínú oko, ìró wọn ló máa ń gòkè wá bá a lójú fèrèsé, kìrìkìrìkìrì, bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Vololona kì í háyà takisí àfi nígbà Kérésìmesì. Èèyàn méje á há sínú ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ òòyè, pẹ́pẹ́yẹ á ki ọrùn bọ ojú fèrèsé, á máa kí gbogbo ará ìlú. Ọjà náà ti lọ, agboòrùn ti lọ, takisí aláwọ̀ wàrà sì ń dín kù lọ́dọọdún. Vololona kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí ọ̀kan bá ń kọjá, ó máa ń dá abẹ́rẹ́ dúró títí ìró rẹ̀ yóò fi tán.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kọkànlá ni òun àti Fanja lọ bá bàbá. Wọ́n bá a lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, fìlà koríko wálẹ̀ bo ojú rẹ̀, aṣọ lamba funfun léjìká. Bodo gbé ranovola wá fún wọn, omi gbígbóná tí wọ́n sè mọ́ ìrẹsì tó jó nísàlẹ̀ ìkòkò.

"Ìyá, ẹ má bínú o," Bodo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá mi kò fẹ́ tà á ni. Ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, àwáwí lásán ni."

"Mo gbọ́ o!" bàbá ké láti orí àpótí. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí kò dùn mí. Ta ló fẹ́ wa ọkọ̀? Ìwọ ọmọ yẹn ni?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Vololona wí.

"Ìwọ? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ béèrè ọjọ́ orí obìnrin lọ́jọ́ Àìkú! Mo dàgbà tó ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run, mi ò dàgbà tó ẹni tó ń bẹ̀rù òkè."

Bàbá rẹ́rìn-ín sínú. Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìlẹ̀kùn, ó wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Fanja há ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì gbé wọn dé Andohalo, níbẹ̀ ni bàbá ti ní kó pa á.

"Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà," ni bàbá wí. "Bíréèkì ń bẹ, hóònù ń bẹ. Ìyókù kù sọ́wọ́ ìwọ àti ilẹ̀."

Vololona gbé ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Ó ń wo ọ̀nà. Ó mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ju bí bàbá ṣe lè rò lọ, nítorí pé ìdí ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Naivo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan pákó mẹ́ta pọ̀, ó de béárìn irin mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, ó fi okùn ṣe ìjánu. Naivo á jókòó síwájú, òun á di èjìká rẹ̀ mú lẹ́yìn, wọ́n á já sílẹ̀ láti Andohalo bí òkúta tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, irin á máa han lórí òkúta ọ̀nà, àwọn ìyá ìjọ á máa ṣépè. Ìyá wọn lu ìgbálẹ̀ fọ́ sí wọn lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ̀ ni bíréèkì wọn, Naivo sì ní òfin kan ṣoṣo. "Kí ẹ̀rù tó bà ọ́ ni kí o fẹsẹ̀ gbálẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ti dé, ó ti pẹ́." Ó ti pé ọdún méje tí Naivo kú sí Mahajanga.

Ó tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà kàn ń yọ́ lọ bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó ki eré mọ́lẹ̀. Ilé bíríkì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ wọlé. Ohun tó ya Fanja lẹ́nu jù ni ìdákẹ́jẹ́ inú ọkọ̀. Orin ìjọ láti ilé ìsìn tó wà lókè ń bá wọn sọ̀kalẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni wà níbẹ̀.

"Màmá, kọ́nà o!"

"Mo rí i."

"Màmá!"

"Fanja, bí o bá pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá sọ ọ́ kalẹ̀ láì dúró."

Kí ó tó dé kọ́nà ló ti tẹ bíréèkì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ tó yí. Ní kọ́nà kejì ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá tẹ etí sí táyà. Ní kọ́nà kẹta, ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ onípákó tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi yọ sójú ọ̀nà. Bí Vololona bá dúró níbẹ̀, ó parí. Ó tẹ hóònù, kò tẹ bíréèkì. Ó fi ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, àlàfo tó kù kò ju ìbú ọwọ́ lọ.

"Ìyá àgbà, ta ló ń lé yín?" ọkùnrin náà lọgun.

"Ìgbà èwe mi ni!" Vololona ké padà, ó sì ti kọjá.

Pápá ìṣeré Mahamasina dé. Ilẹ̀ tẹ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, lákọ̀ọ́kọ́ bí ẹni tó ń sáré, lẹ́yìn náà bí ẹni tó ń rìn. Wọ́n kọjá ibi tí oníbàárà àkọ́kọ́ dúró sí. Wọ́n kọjá ibi tí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dúró sí. Fanja, tí kò fẹ́ ọkọ̀ náà láti ilé, wá ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àga iwájú, ó ń sọ pé "máa lọ, máa lọ, jọ̀ọ́," bí ẹni ń rọ màlúù. Táyà iwájú fi ẹnu kan etí òkúta tó yí adágún ká, ọkọ̀ dúró.

Vololona fa bíréèkì ọwọ́. Ó yíjú sí bàbá pé kó yin òun, ó rí i pé omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ọmọ mi, ṣé àwọn igi jakaránda ti tanná?"

Vololona wo iwájú. Gbogbo igi tó yí adágún Anosy ká ló ti tanná láti ọ̀sẹ̀ méjì, àwọ̀ elésè àlùkò títí dé ọ̀run, òdòdó tó já bọ́ sì bo ojú omi. Igi kan wà lórí ọkọ̀ náà gan-an, òdòdó rẹ̀ ń já lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo ojú bàbá, ó rí ìkúukùu funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó wá yé e pé nígbà tí bàbá ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ láàárọ̀, ọ̀nà ló ń wá.

"Wọ́n ti tanná, Bàbá. Gbogbo wọn. Ẹyọ kan kò ṣẹ́kù. Omi náà ti di elésè àlùkò."

"Háà." Bàbá nu ojú. "Láti ọdún méjì ni mi ò ti wa ọkọ̀ yìí. Bodo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ibí ni èmi àti ìyá rẹ̀ máa ń jẹun ọ̀sán sí. Á gbé ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ wá, á jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, á ní kí n má gba èrò kankan títí òun á fi jẹun tán. Àwọn èrò á máa na ọwọ́, òun á máa fi ṣíbí lé wọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó wá ṣáájú rẹ, bí a bá ti dúró sí Mahamasina, mo máa ń dúpẹ́. Mo máa ń sọ pé, ó dáa, a ò dé ibẹ̀, ó ṣì jẹ́ tèmi."

"Bàbá, bí ẹ kò bá fẹ́ tà á, mi ò ní bínú. Mo ti wà á, ó tó mi."

Obìnrin kan tó ń ta àkàrà ìrẹsì kọjá. Fanja ra mẹ́fà, ó pín in. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

"Iye tí Bodo kọ sórí páálí ti pọ̀ jù," bàbá sọ lójijì.

"Mílíọ̀nù mẹ́jọ ariary?"

"Mẹ́fà ni. Bodo kò mọ àìsàn rẹ̀, èmi ló mọ̀ ọ́n. Ìlẹ̀kùn òsì, gbé e sókè díẹ̀ kí o tó tì í. Wáípà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí òjò bá ń rọ̀, tẹ orí sápá ọ̀tún. Láàárọ̀ òtútù, má fipá jí i; kí i ná, fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú, yóò dìde. Bí ó bá sì mu ju lítà mẹ́fà lọ fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹsẹ̀ rẹ ló wúwo, kì í ṣe òun."

Bí Vololona ṣe di onímọ́tò nìyẹn. Fanja kò dárúkọ ọkọ̀ pupa mọ́. Nígbà tó yá, òun ló ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó yá òun.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Vololona ń gba àdúgbò bàbá kọjá lọ sọ́jà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Bàbá á ti jókòó sórí àpótí. Kí ó tó yọ rárá, á ti na ọ̀pá sókè: "Ìyá olùkọ́, yí jíà! Ẹlẹ́ẹ̀kejì lo ṣì fi ń lọ!" Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn ó máa ń wọlé, wọ́n á jọ lọ. Vololona á máa sọ ohun tó rí fún un, bàbá á máa sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ilé fọ́tò nìyẹn, ilé búrẹ́dì nìyí, ibí ni mo ti gbé ìyàwó kan tó sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú méjì ni ọkọ̀ náà ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà òtútù ọdún kejì ni bàbá kú, lójú oorun. Ibojì ìdílé rẹ̀ wà ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Bodo wá bẹ Vololona pé kó bá òun gbé àwọn ọ̀rẹ́ bàbá lọ síbẹ̀, awakọ̀ takisí mẹ́rin, tí ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n há sínú ọkọ̀ náà, wọ́n fi aṣọ lamba bo ara, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún un láti ẹnu géètì.

"Ìyá, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo díẹ̀."

"Má dá a lóhùn, ọ̀nà òsì ló yá."

"Òsì kẹ̀! Láti ìgbà wo? Ìwọ tó fi odindi ọjọ́ kan wá àdúgbò Isotry!"

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta! Ẹ̀yin náà kò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibi tí oko ìrẹsì ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹyẹ lékeléke dúró lórí ẹ̀yìn màlúù. Níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní Ralaivao ló kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Èkejì ní irọ́ ni, òun ló kọ́ Ralaivao. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí nígbà tí wọ́n dé ibojì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ nídìí ìrẹsì àti ẹran ọlọ́ràá tí wọ́n ń pín fún àwọn tó wá sin òkú. Vololona gbé abọ́ tirẹ̀ lọ jẹ nínú ọkọ̀, ó ṣí ìlẹ̀kùn iwájú méjèèjì sílẹ̀, ó ń gbọ́ wọn.