Edé Mẹ́ta Láti Sèmè

Ní ọdún kejì tí àwọn ológun gba ìjọba, Adéjọkẹ́, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ní Porto-Novo, ní àpótí gíláàsì kan tó kún fún omi òkun nínú kíláàsì rẹ̀. Ẹran omi kan tó dà bí òdòdó, tó ń ta bí èsìsì, ń bo àwọn iyùn ààyè inú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á. Gbogbo ègé tó já ló di ẹran tuntun.

"Kámáráádì, bí ẹran yìí kò bá kúrò títí di ọjọ́ Jímọ̀, a ó da gbogbo rẹ̀ nù," ni Augustin, ọ̀gá ilé-ìwé, wí.

"Yóò kúrò, Ọ̀gá."

Ní ọjọ́ Ajé, Adéjọkẹ́ mú edé abilà mẹ́ta wá láti etí òkun ní Sèmè, irú tó ń jẹ ẹran náà. Ọjọ́rú dé, wọn kò tíì fẹnu kàn án. Adéjọkẹ́ kò bẹ̀rù. Ó wo ìsàlẹ̀ omi, ó rí èérún ẹja gbígbẹ. Ó pe Ràṣídì, ẹ̀ṣọ́ ilé-ìwé.

"Bàbá, ta ló ń bọ́ wọn?"

"Èmi ni. Àlejò dé láti Sèmè, ẹ ò fún wọn lóúnjẹ! Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ le o."

"Iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe, Bàbá. Bí ebi bá pa wọ́n, wọn á ṣe é."

Ràṣídì rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mo ti jáwọ́."

Nígbà tí Augustin dé ní ọjọ́ Jímọ̀, edé kan ń fa ẹran náà já lára iyùn, ó ń jẹ ẹ́. Ìdajì rẹ̀ ti tán. Augustin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ má dà á nù mọ́."

Adéjọkẹ́ dúpẹ́, ó sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé.