Bébà Ara Bàbá Wa

Bàbá wa télọ̀ kú, a sin wọ́n, ṣùgbọ́n ikùn wọn ò yéé tóbi.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ́lì kọ́kọ́ wọ Ọ̀wọ̀ ni. Èmi Àbúdùlàhí jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Kúbúrá àbúrò mi ń ránṣọ nílé ọkọ rẹ̀ ní Imeri. A pín àwọn bébà ìgéṣọ tí Bàbá fi àpò sìmẹ́ńtì gé. Ọ̀kan ṣoṣo la jọ ní ẹ̀dà rẹ̀: èyí tí wọ́n fi ara tiwọn wọ̀n, tí gbogbo bùbá ọkùnrin ń tinú rẹ̀ jáde. Sylvanus awakọ̀ ló ń bá wa pààrọ̀ ẹ̀dà lóṣooṣù, kí méjèèjì má baà yàtọ̀ síra.

Gbogbo ìgbà tó bá dé ni ikùn bébà yẹn ń fẹ̀ sí i. Oorun sá lójú mi. Bí ara Bàbá bá ń tóbi nínú bébà, wọ́n fẹ́ padà sídìí máṣíìnì wọn nìyẹn. Mo ki ìṣáná bọ àpò, mo mú bébà náà, mo wọ mọ́tò Sylvanus lọ bá Kúbúrá.

"Kúbúrá, ìwọ lò ń fi kún un?"

"Èmi kẹ̀? Mo ní ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá. Mo ní ogún ti ń ṣara yín lóore."

Mo fi ìṣáná inú àpò mi hàn án.

"Màá jó o."

"Ara Bàbá tó ṣẹ́ kù?"

"Òkú tó ń sanra ńkọ́?"

Sylvanus wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́tìnnì kan ló kù níkùn bùbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Bùbá tí màdáámù ń rán fún mi ń há mi níkùn. Ojú ń tì mí láti wí. Mo wá ń fi ẹ̀kọ lẹ bébà mọ́ ọn lójú ọ̀nà."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà nu omi ojú.

"Èjìká òsì tó o gé wálẹ̀ yìí ńkọ́?" ni Kúbúrá bi í.

"Ikùn nìkan ni tèmi."

Irọ́ọ̀nù eléèédú ti fa èjìká òsì Bàbá wálẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ṣì dúró ṣánṣán ni wọ́n gé bébà náà. Kò sí ẹ̀kọ ní èjìká bébà náà, kò sí ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà.

Kúbúrá gbé bébà lé mi lẹ́yìn.

"Ẹ dúró dáadáa, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo dúró dáadáa."

"Ẹ gbé èjìká òsì sókè."

"Ó wà lókè."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́: èjìká òsì bébà bá tèmi mu rẹ́gí. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní ìṣáná yẹn."

Mo di àpò mi mú. Ara ta ló fẹ́ jó: ti Bàbá ni, àbí tèmi?