Orúkọ Metro Lára Pátákó

Orúkọ mọ́kànlá ni wọ́n fẹ́ kọ sára pátákó ní gbọ̀ngàn àwọn sójà àtijọ́ ní ìlú kékeré Norden: gbogbo ọmọ ìlú tó fò nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń ju bọ́ǹbù nígbà ogun Hítílà. Mẹ́wàá ò ní wàhálà. Ẹnì kọkànlá ni Metro Hrycan, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ojo!" Lars Bakken fọwọ́ gbá tábìlì, kọfí dà. "Ó ní òun ò wọ ọkọ̀. Wọ́n já àmì ìyẹ́ àwọn tó ń fò kúrò láyà ẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n lé e wálé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, jàre!"

Doreen, tíṣà tó ń darí ìpàdé, yíjú sí Elmer Haugen. "Bàbá Elmer, ẹ̀yin lẹ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe."

Yéè! Ọdún mọ́kànlélógójì ni Elmer ti ń sá fún ìbéèrè yìí. Òun ló jókòó ti ìbọn ní ìdí ọkọ̀, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ, òun ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pàtẹ́wọ́ fún lọ́dọọdún. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu, wọ́n lè yọ orúkọ tòun náà. Ó dìde ṣáá.

"Ká tó wọ ọkọ̀, gbogbo wa máa ń tọ̀ sára táyà ẹ̀yìn, kí orí lè bá wa ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúró títí, ìtọ̀ kọ̀, kò jáde."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rín! Mo di Metro mú, mo ní, 'Mi ò lè lọ. Tí mo bá lọ lónìí, mi ò ní bọ̀.' Ó wò mí. Ó rìn lọ bá ọ̀gá wa, ó lóun ò lọ. Òun ló ń ka máàpù fún wa. Wọn ò rí ẹlòmíì tó máa júwe ọ̀nà, lọkọ̀ wa ò bá gbéra mọ́. Ọkọ̀ méje nínú àwọn tó lọ ni ò padà. Wọ́n pè é lójo lójú mi, mo panu mọ́. Èmi gan-an lojo ọ̀hún."

Lars wolẹ̀. Doreen nu ojú ẹ̀, ó ní, "Orúkọ mọ́kànlá," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Elmer ò dúró bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó wakọ̀ lọ sí oko Metro, níbi tí kò tíì yà sí láti ìgbà tó ti togun bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ló ń gbà lọ ta àlìkámà ẹ̀.

Metro ṣílẹ̀kùn. Ó ń di pẹrógì lọ́wọ́, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi ọ̀dùnkún sí nínú, ìyẹ̀fun sì kún ọwọ́ ẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Elmer Haugen! Ṣé o ṣìnà ni? Ó yẹ kó o ti pè mí kí n júwe."

Elmer ò lè rẹ́rìn-ín. Ó rojọ́ tán lórí ìdúró. "Mo ti sọ fún wọn pé tìtorí mi lo ṣe kọ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹ."

"Tìtorí ẹ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Metro fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, Elmer. Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò lọ. Ìwọ lo kàn kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Àwọn tó ń pariwo ikú yá ju ẹ̀sín, ṣé wọ́n ti kú wò ni?"

Elmer wá ògiri fara tì. "Ṣé o ò wá bínú sí mi ni?"

"Háà, mo bínú! Inú bí mi burúkú! Kí ni mo fẹ́ fi pátákó ṣe? Èèyàn kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìlú yìí tó mọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe rí, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Nígbà tí Olha ìyàwó mi kú, mo gbọ́ ọkọ̀ ẹ. O dẹwọ́ eré lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ti dìde lórí àga, mo ti ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn. O tún tẹ̀ ẹ́ lọ."

Òótọ́ ni. Elmer rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, àgbà ọkùnrin, ó ń sun ún bí ọmọdé.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Metro."

"Mo mọ̀," ni Metro wí, ó sì fa àga kan fún un.