Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Ní Kó Má Gbọ̀n

Ẹ bá mi bá àbúrò mi wí! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ó di awakọ̀ òfuurufú tán, ó wá ń ráhùn pé abẹ́rẹ́ aago rédà inú ọkọ̀ òun ń gbọ̀n jù. Èmi gan-an ni mo máa ń tún aago yẹn ṣe. Ó máa ń ta ìtànṣán sílẹ̀, èyí tó bá padà wá ló fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wàhálà ò sí. Lórí òkè olókùúta ńkọ́? Orí àpáta á dá tiẹ̀ padà, kòtò á dá tiẹ̀ padà, gbogbo ẹ̀ á dà rú. Báwo ni abẹ́rẹ́ ò ṣe ní gbọ̀n?

Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, Ọ̀gá wa ní òun ti bá a yanjú ẹ̀. Ó ti yí aago náà kó má tètè dáhùn mọ́, kó kọ́kọ́ kó èsì jọ kó tó sọ̀rọ̀.

“Ó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́,” ló wí, inú ẹ̀ ń dùn.

Ha! Aago yẹn á ṣì máa sọ ti kòtò tó ti kọjá nígbà tí àpáta bá ti dé abẹ́ ọkọ̀! Àbúrò mi sì ti wà lókè, nínú kùrukùru, ó ń gba orí àwọn òkè yẹn bọ̀ wálé.

Mo sáré wọ yàrá rédíò tí wọ́n ti ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, mo já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀.

“Gòkè! Má wo aago yẹn!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Aago ní mo ga tó ẹgbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà.”

“Irọ́ ló ń pa! Ilẹ̀ tó o ti kọjá ló ń kà fún ẹ!”

“Ọ̀gá ní ó ti dáa.”

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ni ẹkún bá gbé mi. Mo ké bí ọmọdé lójú oní-rédíò, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ ṣì wà lẹ́nu mi.

“Ó tó, ó tó. Mò ń gòkè.”

Kò pẹ́ ló pariwo, “Yéè! Àpáta!” Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Oní-rédíò dìde dúró. Ìgbà tó yá la gbọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ó kọjá lábẹ́ mi. Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ mira.”

Nígbà tó balẹ̀, ó wá bá mi, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ṣé àlàyé mi ti wá yé e báyìí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àlàyé kankan ò yé mi. Torí pé mi ò gbọ́ ẹkún yín rí ni mo ṣe gòkè.”

Mo dì mọ́ ọn. Ká ní mi ò sunkún ńkọ́?