Orúkọ Ìyá Ọkọ

Gbénró lóọ́yà ní kí n má bínú. Mo ní kò sí wàhálà, mi ò bínú, ṣùgbọ́n kó má pe fóònù mi mọ́ láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó fara balẹ̀ gbọ́, torí mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni Mujeebat. Bọ́ọ̀sì 472 ni mò ń wà, láti Thamesmead lọ sí North Greenwich, kí n tún yí padà. Teslim, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ń fi ọkọ̀ fáànù kó ẹrù káàkiri Woolwich àti Plumstead. Anisah ni ìyàwó rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti so yìgì wọn, Teslim sì padà sí London, ó fi ìyàwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá wa. Nígbà tí àìsàn dá màmá wa dùbúlẹ̀, Anisah ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀, òun ló ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí, òun náà ló sì wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Àwa ọmọ tó bí wà níbí, à ń sunkún lórí fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe ìyàwó ilé wa.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó gba fízà wá bá ọkọ rẹ̀ ní Thamesmead. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Kódà ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ mìíràn ló máa sọ ọ́. Màmá wa, "Màmá" ni. Bashiru ẹ̀gbọ́n wa àgbà, "Akọ̀wé" ló ń pè é, torí ó máa ń fi bírò há etí. Èmi, ó ní "Awẹ́lẹ́wà". Mo wo dígí, mo mọ̀ pé irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ìyàwó, London la wà o. Pe orúkọ mi jàre, Mujeebat ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Awẹ́lẹ́wà, ẹ má kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́."

Fízà fẹ́ tán, ó di dandan kó gba òmíràn. Àwọn tó ń rí sí ìwé ìgbélùú ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà. Wọ́n fi Teslim sí yàrá kan, wọ́n fi Anisah sí èkejì, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ọkùnrin tó ń bi Anisah ní kí lorúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní Màmá. Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Anisah wolẹ̀, ó ní Màmá ni. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Thamesmead? Awẹ́lẹ́wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ? Akọ̀wé. Nínú yàrá kejì, Teslim ti dárúkọ Sàfúrátù, Bashiru àti Mujeebat, bí ọmọ ṣe ń dárúkọ ará ilé rẹ̀. Ni wọ́n bá ní ìgbéyàwó ayédèrú ni, pé nítorí fízà ni wọ́n ṣe fẹ́ra, wọn ò sì fún Anisah ní òmíràn.

A gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Gbénró la mú ní lóọ́yà. Ìjẹ̀bú bíi tiwa ni bàbá rẹ̀, àmọ́ Plumstead ni wọ́n bí òun sí, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Mo sọ fún un lójú Teslim. Mo ní, "Gbénró, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣà wa ni. Fi mí ṣe ẹlẹ́rìí, màá sọ fún adájọ́ pé èmi ni Awẹ́lẹ́wà."

Ó ń tẹ fóònù rẹ̀. "Auntie, trust me. Tá a bá gbé ọ̀rọ̀ culture lọ, wọ́n á ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni. Kó kàn kọ́ àwọn orúkọ yẹn, kó pè wọ́n ketekete, adájọ́ á rí i pé ó mọ ẹbí ọkọ ẹ̀. Finish."

"Ó mọ̀ wọ́n. Kò fẹ́ pè wọ́n ni."

"Same thing, Auntie."

Kì í ṣe same thing. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, Teslim ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó kàwé òfin ló mọ òfin.

Bí ìgbẹ́jọ́ ṣe ń sún mọ́lé, Teslim jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnì, ó ń kọ́ ọ bó ṣe máa pe orúkọ màmá wa. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Anisah á la ẹnu, á tún pa á dé. Nígbà tí Sàfúrátù wá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí." Ẹkún ló ń sun. Mi ò lè wò ó, mo lọ jókòó sínú mọ́tò mi.

Adájọ́ obìnrin ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún Anisah. Gbénró ní kó dárúkọ ẹbí ọkọ rẹ̀. Anisah di etí tábìlì mú, ó pè wọ́n tán: Sàfúrátù, Bashiru, Mujeebat. Gbénró bojú wẹ̀yìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ó ti parí.

Lóọ́yà ìjọba dìde, ògbufọ̀ ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. "Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ ò mọ àwọn orúkọ yìí. Ìgbà wo lẹ mọ̀ wọ́n?"

Anisah ní òun ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ wọ́n nígbà náà?"

"Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ. Ọ̀wọ̀ ni."

Ọkùnrin náà ṣí ìwé tí Gbénró bá Anisah kọ fún kóòtù, ó yẹ̀ ẹ́ wò dé ìsàlẹ̀. "Kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kankan níbí. Tó bá sì jẹ́ pé ìyàwó kì í pè é, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pè é níwájú wa báyìí?"

Anisah wo Gbénró. Gbénró ń wo ìwé. Ọmọ yẹn ò mọ irọ́ pa, ó ní, "Lóọ́yà ló ní kí n pè é. Ọkọ mi ló kọ́ mi."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Adájọ́, èmi ni Awẹ́lẹ́wà." Adájọ́ wò mí, ó bi Gbénró bóyá ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni mí. Gbénró ní rárá. Adájọ́ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà sọ pé kí n jókòó tàbí kí n jáde. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lójú tèmi, ìwé nìkan ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìdájọ́ dé, mo kà á tán lórí ìdúró. Adájọ́ ní òun ò gbà gbọ́ pé obìnrin tó tọ́jú ìyá ọkọ títí ó fi kú á kọ̀ láti dárúkọ rẹ̀. Nísàlẹ̀, ó ní bó ṣe wá dárúkọ náà ketekete ní kóòtù fi hàn pé ńṣe ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wò ó, kò pè é, ó jẹ̀bi. Ó pè é, ó tún jẹ̀bi. Ní ti àṣà, ó ní wọn ò mú ẹlẹ́rìí kankan wá. Èmi tí mo dìde dúró, tí wọ́n ní kí n jókòó! A gbé e lọ sí kóòtù òkè. Ìyẹn ní adájọ́ kò ṣi òfin lò, pé ẹ̀rí tá ò mú wá nígbà tó yẹ, kò sí bá a ṣe lè wá mú un wá báyìí. Gbénró pè mí, ó ní òfin le, kí n má bínú. Òfin ò le tó orí rẹ̀.

Anisah ní òun ò ní dúró dìgbà tí wọ́n á wá fi ọlọ́pàá gbé òun, pé òun á fẹsẹ̀ ara òun padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Teslim ti wà nísàlẹ̀, ó ń to ẹrù sínú fáànù. Èmi àti Anisah ló kù nínú ilé. Ó ti di gèlè, kò sunkún. Mo ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan tó o gbàgbé?"

Ó ní, "Mujeebat, bá mi mú báàgì yẹn."

Kò sí ẹ nínú rẹ̀, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Mo yíjú sí i. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bú mi, ojú rẹ̀ tutù. Òun náà gbọ́ ohun tó sọ, kò sì tọrọ àforíjì. Ó ní, "Mo ti pe ti Màmá lójú gbogbo wọn. Ṣé tìẹ ló kù tí màá máa bò?"

Mo gbé báàgì náà, mo tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé Thamesmead ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pe orúkọ mi.