Ìwé Aláwọ̀ Búlúù ti Stella del Golfo

Àárọ̀ Sátidé ni Nazario gbé ìwé náà wọlé. Ó rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàrin àwọn ife kọfí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

Ilé kọfí kan nítòsí èbúté ìlú Genova ní Ítálì ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń pàdé. Ìwé ìpín àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun akérò máa ń fún ẹni tó bá fowó dókòwò lọ́dọ̀ wọn, kí ọkọ̀ òfurufú tó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ọkọ̀ wọn ti di irin àlòkù, ṣùgbọ́n ìwé wọn ṣì ń dán, tàwòrán tòǹtẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, Gerolamo, tí Nazario máa ń pè ní Momo, ni ojú rẹ̀ mú jù. Akọ̀wé ọkọ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì, òun ni wọ́n sì ń gbé ìwé wá bá pé kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni. Ó ti kó gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ Stella del Golfo jọ, àfi ọ̀kan ṣoṣo: aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, tí àwòrán ọkọ̀ ńlá kan wà lórí rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ní in: Ìyá Bice, opó arúgbó kan ní Castelletto, àdúgbò orí òkè. Gerolamo ti kọ̀wé sí ìyá yìí títí, ó ti gbé àkàrà òyìnbó lọ, ìyá náà kò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ìwé yẹn gan-an ló wà lórí tábìlì yìí.

"Níbo lo ti rí i?" ni Gerolamo bi í.

"Ìyá Bice ni o! Mo lọ gẹ irun fún wọn nílé. Àfi bí wọ́n ṣe ní, 'Nazario, ìwọ tó o fẹ́ràn ọkọ̀, máa mú èyí lọ.' Momo, mi ò tiẹ̀ bèèrè!"

Ọ̀rọ̀ yẹn há Gerolamo lọ́fun bí egungun ẹja. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, tí Nazario ń gẹ irun fún èrò. Òun á forí ṣe, á fọrùn ṣe, ohun tó ń lé á wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Nazario níbi tó jókòó sí.

Ó mú ìwé náà lọ sídìí fèrèsé, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Òjìji ìdákọ̀ró kan yọ láti inú bébà. Àmì ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn, tí kì í hàn àfi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí oníjìbìtì kankan kò sì rí ṣe. Ojúlówó ni. Gerolamo yíjú padà sí wọn.

"Ayédèrú ni," ló sọ.

"Ayédèrú kẹ̀?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi."

Ojú Nazario rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò mí bí mo ṣe ń yan bọ̀ láti òkè! Ọpẹ́lọpẹ́ Momo."

"Lọ fi pọ́n ẹja!" ni ẹnì kan nínú wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹja kọ́. Momo, gbà á. Ìwọ lo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn, ó kéré tán wàá máa wo àwòrán rẹ̀."

Bí Gerolamo ṣe gbé ohun tó ń wá relé nìyẹn, tó sì tì í mọ́ àpótí. Ṣùgbọ́n adùn ìkójọ ni kí àwọn ẹlòmíì rí i, ta ni yóò fi han? Ersilia ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń ṣí àpótí, tó ń tì í.

"Ṣebí o ní ayédèrú ni?"

"Ayédèrú ni."

"Kí lo wá ń tì í mọ́lé fún bí ẹni tó ní ọmọge lọ́wọ́?"

Ersilia mú ìwé náà, ó fi í sáàrin gíláàsì méjì, ó gbé e sójú fèrèsé ìdáná kó lè bu ẹwà kún ilé. Kí ni ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Sọ́ńdè, Nazario wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó gba inú ìwé búlúù náà kọjá. Ó ti gbé fọ́ọ̀kì dé ẹnu, ló bá dúró.

"Momo, ìdákọ̀ró wo nìyẹn?"

Gerolamo tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀.

"O gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ lánàá, ojú mi ló ṣe. Ṣé o rí i àbí o ò rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tó o fi purọ́?"

"Nítorí pé ìwọ ni wọ́n fún."

Nazario gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. "Tó o bá ní kí n fún ọ ńkọ́? Mo kúkú fún ọ!" Ó dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ Ersilia, ó mú fìlà rẹ̀. Gerolamo gbé ìwé náà sá tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn.

"Jọ̀ọ́, gba nǹkan rẹ."

"Fi í sílẹ̀. Tí mo bá ń wò ó, ìwọ ni n óò máa rí."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Gerolamo gbé ìwé náà dé ilé kọfí, ó ní òun ló ṣì í wò, ojúlówó ni. Gbogbo wọn pagbo yí i ká, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń yìn ín. Nazario kò tú àṣírí rẹ̀ fó. Ó ti lọ jókòó sí tábìlì ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú Ilario, ẹnjiníà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn, tí kò mọ ìwé ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìwé owó iná. Nazario bu búrẹ́dì tí wọ́n fi òróró yan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí i, ó gbá a léjìká, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn èèyàn ń bi Gerolamo léèrè nípa ìwé búlúù náà, kò gbọ́. Ọwọ́ Ilario ló ń wò, àti ìdajì búrẹ́dì tó wà níbẹ̀, èyí tí Nazario máa ń bù fún òun tẹ́lẹ̀.